Ojú Inú, Ìmọ̀ àti Ìgbàgbọ́: Ẹ̀rí láti inú Ọdún Ògìyán ní Èjìgbò

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá ń ka iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onípò kejì ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan ìṣòro kan tí ó jọ ìṣòro ìtumọ̀ ṣùgbọ́n tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣòro náà ni orúkọ tí ó yẹ kí a pe agbára tí ọmọ ènìyàn ní láti rí ohun tí kò sí níwájú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan a pè é ní ìrònú, òmíràn a pè é ní àròsọ, ẹlòmíràn a sì pè é ní ojú inú. Nígbà mìíràn, ẹnì kan ṣoṣo a lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú orí-ìwé kan bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé mi, kò sì sí ẹni tí ó bi mí ní ìdí rẹ̀.

Ó yẹ kí a béèrè. Bí a bá pe agbára yìí ní àròsọ, a ti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí kì í ṣe òótọ́, a sì ti gbà pé kò sí ẹ̀bi lórí ẹni tí ó bá ṣì í lò. Bí a bá pè é ní ìrònú, a ti fi ojú rẹ̀ dù ú. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ojú inú ni orúkọ tí ó bá a mu jù, àti pé orúkọ náà gbé èrò kan dání tí a kò tíì fún ní àyè tí ó tọ́ sí i: èrò pé ohun tí a fi ojú inú rí ní ẹlẹ́rìí, ó sì ní gbèsè lọ́rùn. Ìlú Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti mú ẹ̀rí wá, nítorí ohun méjì tí a mọ̀ mọ́ ìlú náà, ìyẹn ọdún Ògìyán àti ìrìn-àjò sí Abidjan.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya àwọn ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀. Ìrònú ni kí ènìyàn ro nǹkan nínú ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìṣirò, ó lè jẹ́ àníyàn. Bí a bá sọ pé lágbájá ń ronú, ìbéèrè tí ó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé kí ló dé. Ìrònú máa ń gbé ọ̀rọ̀ wò, ṣùgbọ́n kò di dandan kí ó rí ohunkóhun. Ènìyàn lè ronú lórí iye owó orí ilẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ láìfi ojú inú wo ilẹ̀ náà rárá.

Àròsọ ní tirẹ̀ ni ohun tí a rò tí a sì sọ jáde. Orúkọ iṣẹ́ tí ó ti parí ni. Ìdí nìyí tí a fi ń pe irú ìwé tí D. O. Fágúnwà kọ, bẹ̀rẹ̀ láti orí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní 1938, ní ìtàn àròsọ. Ọ̀rọ̀ náà bá ìwé mu, kò bá agbára tí ó bí ìwé mu. A kì í fi orúkọ ìkòkò pe ọwọ́ tí ó mọ ọ́n.

Ojú inú yàtọ̀ sí méjèèjì. Rowland Abiodun, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọnà Yorùbá, fi ojú inú àti ojú ọnà ṣe òpó méjì tí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà dúró lé. Kí ọ̀bẹ tó kan igi, gbẹ́nàgbẹ́nà ti rí ohun tí ó wà nínú ẹni tàbí òrìṣà tí ó fẹ́ gbẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà gbà ń ṣiṣẹ́ nínú èdè ojoojúmọ́. Olójú inú ni ẹni tí ó rí ohun tí ó pamọ́ sínú ọ̀rọ̀, tí kì í dúró lórí èèpo rẹ̀. Ẹni tí ó sì fi ojú inú wo nǹkan ni ẹni tí ó rí ohun tí kò sí níbẹ̀, tàbí tí kò tíì sí. Ìrísí òtítọ́ àti ìrísí ohun tí kò tíì sí pín orúkọ kan lò.

Èyí kì í ṣe àìpé nínú èdè. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ń fi ojú inú wo nǹkan lè rí i re, ó sì lè ṣì í rí. A máa ń sọ pé ojú inú lágbájá ti fọ́. A kì í sọ pé àròsọ lágbájá fọ́. Ohun tí ó lè fọ́ ni a lè bèèrè ìlera rẹ̀ lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Àyè tí ó ṣófo láàrin ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́

Ìwé kan tí kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ lórí èrò Yorùbá kí a má dárúkọ rẹ̀ ni èyí tí Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀ gbé jáde ní 1986, Knowledge, Belief and Witchcraft. Àwọn méjèèjì jókòó ti àwọn oníṣègùn, wọ́n sì gbé ìyàtọ̀ kan kalẹ̀ tí ó ti di ìpìlẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ láti ìgbà náà. Ìmọ̀ ni ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí. Ìgbàgbọ́ ni ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí ó sì gbà. Òwe tiwa náà ti sọ ọ́ ní ṣókí: ìròyìn kò tó àfojúbà.

N kò ní ẹjọ́ pẹ̀lú ìyàtọ̀ náà. Ẹjọ́ tí mo ní ni pé ó fi àyè kan sílẹ̀ láìsí olùgbé. Ohun tí mo fi ojú inú rí kì í ṣe ohun tí ojú mi rí, nítorí náà kì í ṣe ìmọ̀. Kì í sì í ṣe ohun tí ẹnì kan sọ fún mi tí mo gbà, nítorí náà kì í ṣe ìgbàgbọ́. Níbo ni yóò wà? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Aristotle, nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀mí tí a mọ̀ sí De Anima, sọ pé phantasia kì í ṣe ìrísí, kì í sì í ṣe ìgbàgbọ́. Ìdí kan tí ó mú wá ni pé a lè gbé àwòrán síwájú ojú wa nígbà tí ó bá wù wá, ṣùgbọ́n a kò lè gba nǹkan gbọ́ nítorí pé ó kàn wù wá. Kant náà, nínú ìwé rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1781, pè é ní agbára láti gbé ohun tí kò sí nítòsí síwájú ara ẹni. Nígbà tí yóò fi di 1940, Jean-Paul Sartre tẹ̀ ẹ́ síwájú pé àmì àwòrán-inú ni pé ó gbé ohun tí ó ń wò kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò sí.

Àwọn èrò wọ̀nyí wúlò fún wa dé ibìkan. Wọ́n fi yé wa pé àyè kẹta wà. Ṣùgbọ́n orí ènìyàn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀: ènìyàn kan jókòó, ó sì ń wo ohun tí kò sí. Bóyá ohun tí ó rí tọ́ tàbí kò tọ́, ta ni yóò jẹ́rìí? Ibí yìí ni Èjìgbò ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ọba tí ó jẹ iyán

Ògìyán ni oyè ọba Èjìgbò. Orúkọ kan náà ni a mọ̀ mọ́ òrìṣà ìlú náà, Òrìṣà Ògìyán, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà funfun. Ìtumọ̀ tí àwọn ènìyàn ń fún orúkọ náà ni ẹni tí ó jẹ iyán. Pierre Fátúnmbí Verger, ará Faransé tí ó di babaláwo, kọ ìtàn orúkọ náà sínú ìwé rẹ̀ Orixás tí ó jáde ní Brazil ní 1981. Èmi yóò tún un sọ ní ṣókí.

Ọmọ ọba kan kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó di ọba ní Èjìgbò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí ó jẹ́ babaláwo, bá a lọ, ó sì ràn án lọ́wọ́ kí ọ̀nà rẹ̀ tó là. Ọba yìí fẹ́ràn iyán púpọ̀púpọ̀. Babaláwo náà rin ìrìn-àjò, ó pẹ́ kí ó tó padà. Nígbà tí ó dé, ìlú ti tóbi, ààfin ti ní ẹ̀ṣọ́. Ó béèrè Ajẹyán, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbọ́ èébú sí ọba. Wọ́n lù ú ní àlùbolẹ̀, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Fún ọdún méje, òjò kò rọ̀, obìnrin kò bímọ. Nígbà tí wọ́n wádìí tí wọ́n sì rí òkodoro ọ̀rọ̀, ọba tú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn kan lélẹ̀: ní ọdọọdún, kí àwọn ará ìlú máa fi àtòrì na ara wọn títí àtòrì yóò fi ṣẹ́. Verger dárúkọ àdúgbò Oṣolo àti Òkè Mapo gẹ́gẹ́ bí àwọn méjì tí ń kojú ara wọn níbi ìjà náà.

Ọ̀nà tí a sábà máa ń gbà ka ìtàn yìí ni pé ó ṣàlàyé ìdí tí a fi ń ṣe ọdún. Bí a bá wò ó fínnífínní, ìtàn nípa ojú inú tí ó fọ́ ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kò ṣàìní ìmọ̀: wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ orúkọ náà, wọ́n sì rí ẹni tí ó pè é. Kò sí irọ́ nínú ohun tí wọ́n mọ̀. Ohun tí wọn kò ní ni ojú tí yóò fi rí ọ̀rẹ́ nínú àlejò, tí yóò fi rí i pé orúkọ tí ó dà bí èébú lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè jẹ́ oríkì lẹ́nu ẹni tí ó bá a jẹ iyán nínú àwo kan náà. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí kò wo ilé tí orúkọ ti jáde. Ọ̀dá tí ó tẹ̀lé e kò jẹ ẹ̀bi àìmọ̀kan. Ẹ̀bi àìfojúinúwò ni ó jẹ.

Ó kù kí a wo ìtánràn náà. Babaláwo yìí kò béèrè owó tàbí ilẹ̀. Ohun tí ó béèrè ni pé kí gbogbo ìlú, ọmọ tí kò tíì sí láyé nígbà náà pẹ̀lú, wọ inú awọ rẹ̀. Kí wọ́n gba ẹgba tí òun gbà. Ìjà náà kì í ṣe ìjà gidi, nítorí pé kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Kì í sì í ṣe ìjà irọ́, nítorí pé àtòrì ń dun ni. Bí a bá bi ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ bóyá ó mọ̀ pé wọ́n lu babaláwo kan nígbà ìwáṣẹ̀, kò lè sọ pé ojú òun ni ó ṣe. Bí a bá bi í bóyá ó gbà á gbọ́, ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tó iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́. Ó ń fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tí a ṣẹ̀. Ìyẹn ni àyè kẹta tí ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ fi sílẹ̀.

Kò sì jókòó síbẹ̀ ní òun nìkan. Ẹni tí ó dojú kọ ọ́ pẹ̀lú àtòrì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Bí ó bá ṣe é ní ìtànjẹ, ara yóò sọ. Níhìn-ín ni èrò Yorùbá ti yapa sí ti Sartre. Ohun tí kò sí níwájú ni à ń fi ojú inú wò, a gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe asán, nítorí pé ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ń wò ó.

Láti Èjìgbò dé Bahia

Òrìṣà yìí bá àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun. Ní Brazil, Oxaguiã ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí ọ̀dọ́ jagunjagun tí ó mú ọmọ odó dání. Ní àwọn ilé Candomblé kan ní Bahia, wọ́n máa ń ṣe ọdún tí wọ́n ń pè ní Pilão de Oxaguiã. Verger tọ́ka sí i pé níbẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá àtòrì kan àwọn tí ó wá síbi ọdún ní fẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ wo ohun tí ó yí padà. Ìjà ti di ìfọwọ́kàn. Ẹnì kan lè sọ pé ọdún náà ti rọ̀. N kò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é níbẹ̀ jẹ́ ènìyàn tí pàṣán wà lẹ́yìn wọn lójoojúmọ́ ayé wọn. Kò sí ìdí fún wọn láti tún fi ojú inú wá ìrora ẹni tí a lù láìṣẹ̀, nítorí pé àwọn gan-an ni. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n fún wọn ni ọ̀pá tí a gbé sókè tí kò sì ṣe ni léṣe. Mo fi èyí lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ tèmi. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ojú inú kì í ṣe àdàkọ. Ó ń wo ohun tí ó sọnù níbi tí ènìyàn wà, ó sì ń yí àṣà padà láti bá a pàdé.

Abidjan nínú ojú inú Èjìgbò

Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni àwọn ará Èjìgbò àti àwọn ìlú tí ó yí i ká ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Ọkọ̀ ń gba Benin, Togo àti Gánà kọjá kí ó tó dé Abidjan. Èdè Faransé kì í ṣe ohun àjèjì lọ́jà Èjìgbò, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a sì bí sọ́hùn-ún tí a wá fi ránṣẹ́ sílé. Fún ọmọ tí kò tíì lọ rí, Abidjan kì í ṣe ìmọ̀. Ìròyìn ni.

Ọ̀nà méjì ni ojú inú gbà ń ṣiṣẹ́ nínú ìrìn-àjò yìí. Èkíní ni ti oníṣòwò tí ó wà ní Abidjan tí ó ń kọ́ ilé sí Èjìgbò. Kò rí bíríkì, kò rí òrùlé. Ó ń fi owó ránṣẹ́, ó ń fi ojú inú wo yàrá tí yóò sùn lọ́jọ́ ogbó. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ojú inú rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí: àbúrò tí ń bójú tó iṣẹ́, bíríkìlà tí ń béèrè owó, ògiri tí yóò dìde tàbí tí kò ní dìde.

Èkejì ni ti ọ̀dọ́ tí ó rí aṣọ ẹni tí ó ti àjò dé, tí ó sì ti ara aṣọ yẹn rí ìlú kan tí kò sí. Ìgbàgbọ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń pè é ní ìmọ̀. Kò rí yàrá tí ènìyàn mẹ́fà há sí, kò rí ẹnubodè. Ìtàn ti kọ́ wa ní ohun tí irú ìrísí bẹ́ẹ̀ lè náni. Ní 1969, ìjọba Gánà lé àwọn àlejò jáde, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì fi iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún sílẹ̀. Rògbòdìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 2002 àti èyí tí ó tẹ̀lé ìdìbò 2010 dá àwọn ènìyàn padà sí Èjìgbò. N kò sọ pé kí ọ̀dọ́ má lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò sí nínú bí àwòrán wọn ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ó wà nínú bóyá ẹnì kan wà tí ó lè sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n rí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a lè fi ta ko èyí

Ẹnì kan lè sọ pé mo ti gbé ẹrù tí ó wúwo lé ọdún Ògìyán lórí. Ọ̀dọ́ tí ó mú àtòrì lè má mọ ìtàn babaláwo náà rárá. Eré ni ó wá ṣe. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní sá fún un. Ìdáhùn mi ni pé kò di dandan kí ojú inú ìlú wà lódindi nínú orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àṣà lè rántí ohun tí olúṣe rẹ̀ ti gbàgbé, gẹ́gẹ́ bí òwe ṣe ń gbé ọgbọ́n dání lẹ́nu ọmọdé tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ní òpin. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni mọ́ tí ó lè sọ ìdí tí àtòrì fi ń dìde, a jẹ́ pé ẹgba nìkan ni ó kù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjelòó náà mọ bí a ṣe ń nà. Ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró ni wọn kò mọ̀. Láìsí ìtàn náà, ọdún tí a dá sílẹ̀ láti wo ojú inú tí ó fọ́ sàn yóò padà di irú ohun tí ó fọ́ ọ.

Àgbálọgbábọ̀

Nítorí náà, mo dábàá pé kí àwa tí a ń kọ́ni tí a sì ń kọ̀wé ní Yorùbá fi ojú inú pe agbára náà, kí a pe lílò rẹ̀ ní ìfojúinúwò, kí a sì fi àròsọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ó ti ara rẹ̀ jáde. Kí ìrònú dúró ní àyè tirẹ̀. Ìyapa yìí yóò mú kí a lè bi ìwé, ọdún àti ìrìn-àjò ní ìbéèrè kan náà: kí ni ojú inú tí ó wà níhìn-ín rí, ta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀, kí sì ni ó gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó rí i?

Bí a bá ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè yìí, kò ní rọrùn fún un mọ́ láti kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí orí-ìwé kan kí ó sì mú un jẹ. Ì bá ti ṣe èmi náà láǹfààní bí wọ́n bá bi mí nígbà náà. Àlejò tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin Èjìgbò kò béèrè ju pé kí ẹnì kan wo òun lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó gbé ọ̀pá.